Èdídí Tó Fún Arúgbó Lọ́rùn

Àbúrò mi ló ni ìtàn yìí. Ó ní kí n bá òun sọ ọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé, bóyá ẹlòmíràn á rí ọgbọ́n kọ́ níbẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó ní bí òun bá sọ ọ́, òun á máa gbèjà ara òun. Òótọ́ ló sọ. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò ní gbèjà rẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Kì í ṣe irú àwọn tó ń kan pákó mọ́ pákó tí ìṣó á yọrí lẹ́yìn o. Bó bá kan àga fún ẹ, o ò ní fẹ́ jókòó lórí ẹ̀, wàá kàn máa wò ó ni. Ọwọ́ rẹ̀ ò mọ iṣẹ́ jágbajàgba í ṣe, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà yẹn, ó ń fẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì. Onímú ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí bí búrẹ́dì bá fẹ́ jó nínú ààrò, òun ló máa kọ́kọ́ mọ̀, kódà bó wà níta. Òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló ń gbé nínú ilé kékeré kan létí adágún. Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ pípín lẹ́tà kiri, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú. Lẹ́yìn ọmọ rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó ń mú inú rẹ̀ dùn ni ẹ̀rọ kan báyìí tó ti gbó kanlẹ̀, alùpùpù orí omi. Wọ́n ń gùn ún bí alùpùpù tòótọ́, àmọ́ ojú omi ló ti ń sáré.

Arúgbó ni Bàbá sọ ọ́. Nírọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, á wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, á gun Arúgbó, á yí adágún po, á sì padà wálé pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

Àbúrò mi fẹ́ kí Bàbá fi ọmọ rẹ̀ fún òun. Bàbá ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. "Mo ṣì ń wò ọ́," lohun tó máa ń sọ. Ẹni tí wọ́n bá ń wò, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í lè jókòó dáadáa.

Abẹ́ fèrèsé ilé ìdáná ni Arúgbó máa ń wà tí kò bá sí lójú omi, lórí kẹ̀kẹ́ onítáyà méjì tí wọ́n fi ń tì í lọ tì í bọ̀. Òórùn bẹntiróòlù á wá máa gba ojú fèrèsé wọlé.

"Ìyẹ̀fun ni mò ń gbóòórùn láti àárọ̀," Onímú sọ lọ́jọ́ kan tí àbúrò mi wá kí wọn. "Mo tún délé, ọbẹ̀ mi ń rùn bẹntiróòlù. Ẹni tó bá lè bá mi pa òórùn yìí, ọ̀la ni mo máa fẹ́ ẹ."

Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Gbogbo ẹ̀yin obìnrin tó ń ka ìwé yìí mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Àbúrò mi ò mọ̀.

Ó jáde síta, ó kúnlẹ̀ ti Arúgbó, ó sì ń fimú tú u wò bí ajá. Ó rí páìpù rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti ara táńkì epo wá, tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu. Kò so mọ́ nǹkan kan. Ó gbé imú sí i, òórùn náà rèé.

"Ihò lásán," ó sọ fún ara rẹ̀. "Ta ló ń fi ihò sílẹ̀ báyìí?"

Gbẹ́nàgbẹ́nà kì í fẹ́ràn ihò lásán. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó mú igi líle kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ èdídí. Ẹlòmíràn ì bá fi àkísà dí i kó máa bá tiẹ̀ lọ. Àbúrò mi fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ó fi sáńpépà ha á títí ó fi ń dán. Ó fá etí rẹ̀ yí po kó má bàa máa gún ọwọ́. Ó wá fi fáníìṣì tó ṣẹ́ kù nígbà tó kan tábìlì ilé ìdáná Onímú kùn ún. Fáníìṣì o, ẹ̀yin èèyàn mi, lára ohun tó fẹ́ ki bọnú rọ́bà.

Ó fi gọ́ọ̀mù sí i, ó sì fi òòlù kékeré gbá a wọlé, ó ku orí rẹ̀ nìkan tó yọ síta díẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ máa ń sọ pé èdídí tó bá ṣeé yọ, kì í ṣe èdídí.

Lọ́jọ́ kejì, Onímú dúró ní ilé ìdáná, ó fa imú, ó tún fà á. Òórùn ti pòórá. Ó wo àbúrò mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

"Ta ló pa òórùn yìí?" Bàbá bèèrè.

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ? Ṣé o mọ ẹ́ńjìnì ni?"

Ibí yìí gan-an ni. Ó yẹ kó sọ pé, "Rárá, sà, ihò kan ni mo dí." Ọ̀rọ̀ náà ò gùn, kò sì le. Àmọ́ Onímú ń wò ó, Bàbá náà ń wò ó, wíwò ọ̀tọ̀ sì ni.

"A kàn ń gbìyànjú ni, sà," ó fèsì.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láàárín wa, bí ọkùnrin bá ti sọ pé òun kàn ń gbìyànjú, ó ti sọ pé ọ̀gá lòun. Bàbá wá mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n fún àbúrò mi ní ẹran tó tóbi jù nínú àwo.

Kò pẹ́ tí Arúgbó fi bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Bàbá á tẹ̀ ẹ́ létí omi, á dún dáadáa, á sáré débi tí omi ti jìn, á wá máa wúkọ́, á sì kú. Bàbá á jókòó sójú omi, á bọ́ bàtà rẹ̀, á máa fi wa omi padà wálé. Àwọn apẹja tó máa ń jókòó sórí afárá pákó létí adágún ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ kú bàtà wíwà."

Bàbá ní ọ̀rẹ́ kan, mẹkáníìkì, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọ̀gá Ẹ́ńjìnì. Òun ló ti ń tọ́jú Arúgbó láti ìgbà tí Arúgbó ṣì jẹ́ ọmọge. Ó wá, ó ṣí i wò.

"Epo ni ò dé inú ẹ́ńjìnì," ó sọ. "Ebi ló ń pa á."

Ó pààrọ̀ asẹ́ epo. Ó dún létí omi, ó kú lójú omi. Ó ní àwọn páìpù tó ń gbé epo ti gbó, inú wọn ló ń bó tó ń dí ọ̀nà, ó pààrọ̀ wọn. Ó dún létí omi, ó kú lójú omi. Ó tú kábúrétọ̀ palẹ̀, ó fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ eyín ọmọdé, ó tò ó padà. Ó dún létí omi. Ṣé kí n parí ẹ̀ fún yín?

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ́rọ̀kọ́rọ̀. Ó pe àbúrò mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìwọ tó ń gbìyànjú," ó ní, "kí lo rí sí ọ̀rọ̀ yìí?"

Àbúrò mi ò rí nǹkan kan sí i. Kò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì lára kábúrétọ̀. Àmọ́ àgbàlagbà ń bi í léèrè, ó sì ń dùn mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ ra àgbọ̀n.

"Ọ̀gá ti ń dàgbà, sà," ó sọ jẹ́jẹ́. "Ojú lè máa ṣe bàìbàì."

Kò ní kó jẹ́ ìkà. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kàn jáde ni. Mo ní bó ṣe ń jáde, ṣé eyín ò sí lẹ́nu ẹ̀ tó máa dá a dúró?

Bàbá gbé ọ̀rọ̀ náà, ó di ọ̀dọ̀ àwọn apẹja. Níṣojú gbogbo wọn, ó sọ fún Ọ̀gá Ẹ́ńjìnì pé kó lọ sinmi, pé ojú rẹ̀ ò mú iṣẹ́ mọ́. Ọ̀gá Ẹ́ńjìnì ò bá a jà. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó nù wọ́n, ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà, kò yà kí Bàbá mọ́. Àwọn apẹja tó máa ń gbé ẹ́ńjìnì ọkọ̀ wọn wá fún un náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ síbòmíràn. Ta ló máa gbé ẹ́ńjìnì fún ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì?

Báyìí ni àbúrò mi ṣe di mẹkáníìkì Bàbá. Ó ń ṣí bọ́ǹtù, ó ń dé bọ́ǹtù, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ibi tí kò nílò atẹ́gùn. Bó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Bàbá, á mi orí, á ní, "Ẹn-ẹ́n-ẹ̀n," bí dókítà.

Lọ́jọ́ kan, ó lọ ra búrẹ́dì níbi iṣẹ́ Onímú, ó sì bá Ọ̀gá Ẹ́ńjìnì níwájú káńtà. Ẹ̀rù bà á, àmọ́ ọkùnrin náà ò bínú sí i. Ṣebí kò mọ̀.

"Mo ti rò ó," Ọ̀gá Ẹ́ńjìnì sọ fún un. "Oorun ò kùn mí torí ẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ò ṣàìsàn. Ó dà bíi pé nǹkan ló fún un lọ́rùn. Bí epo bá ń jáde nínú táńkì, atẹ́gùn gbọ́dọ̀ máa wọlé rọ́pò ẹ̀. Bí atẹ́gùn ò bá wọlé, epo ò ní jáde. Nígbà tí mo bá ń tún un ṣe, mo máa ń ṣí táńkì wo epo, ó ń rí atẹ́gùn gbà nìyẹn, ló ṣe máa ń dún lójú mi. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí táńkì fi ń mí. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò, torí kì í gbé epo. Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún Bàbá kó wò ó. Kò ní fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Àbúrò mi sáré jáde, ó gbàgbé búrẹ́dì tó ti sanwó fún sórí káńtà.

Ṣé ó jẹ́ iṣẹ́ náà? Kò jẹ́ ẹ. Ó ní òun máa dọ́gbọ́n yọ èdídí náà ná, kí gbogbo ẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Ó fi ẹ̀mú fà á, kò mì. Ó fi eyín fà á, ó gbé epo mì. Ó fi gbogbo agbára yí i, orí èdídí náà dá, ìyókù jókòó sínú bí ẹni tó ra ilé. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kọ́ ọ dáadáa.

Bàbá yọ sí i lẹ́yìn. "Ṣé ó ti ń bọ̀ sípò?"

"Ó ku díẹ̀, sà."

"Ó dáa. Ní Sátidé, èmi àti ìwọ la jọ máa gùn ún. Tí a bá lọ tí a bọ̀ láyọ̀, ẹ wá bá mi sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yín."

Sátidé dé. Onímú dúró létí omi pẹ̀lú táwẹ̀lì lọ́wọ́. Bàbá wà níwájú, àbúrò mi wà lẹ́yìn, ó di Bàbá mú bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Arúgbó sáré dáadáa. Wọ́n dé àárín adágún. Ó wúkọ́. Ó kú.

"Ó yá, oníṣẹ́," ni Bàbá wí.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Àbúrò mi mọ ohun tó máa jí ẹ̀rọ náà. Kó ṣáà ṣí ìdérí táńkì ni. Àmọ́ bó bá ṣí i tó jí, Bàbá máa bi í bó ṣe mọ̀, àti ìgbà tó ti mọ̀. Bí kò bá ṣí i, ojú omi ni wọ́n máa sùn. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀, sà."

Bàbá bọ́ bàtà méjèèjì, ó fún un ní ọ̀kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa omi. Ọwọ́ Bàbá le ju ọwọ́ tiẹ̀ lọ, nítorí náà Arúgbó kàn ń pòòyì lójú kan ni. Àwọn apẹja ti dìde dúró kí wọ́n lè ríran dáadáa. Atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, omi ń ta sí wọn lára. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, àbúrò mi rí i pé èjìká Bàbá ń gbọ̀n, bàtà sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ bọ́ sómi.

Ìyẹn ló ṣẹ́gun ẹ̀. Ó ní òun rí ọrùn bàbá arúgbó yẹn látẹ̀yìn, ó tutù, òun sì kórìíra ara òun. Ó na ọwọ́, ó ṣí ìdérí táńkì. Atẹ́gùn wọlé, ó dún fììììn.

Bàbá yí orí padà. "Kí nìyẹn?"

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, sà."

Bàbá tẹ̀ ẹ́, Arúgbó jí. Wọ́n lọ díẹ̀, ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, torí àbúrò mi ti dé ìdérí padà kí epo má bàa dà.

"Ṣí i," Bàbá sọ. Ara Arúgbó yá.

"Dé e." Ó wúkọ́.

"Ṣí i."

Báyìí ni wọ́n ṣe délé, ṣí i, dé e, epo ti rin ṣòkòtò àbúrò mi gbindin.

Wọ́n ti Arúgbó dé abẹ́ fèrèsé. Bàbá ní kí Onímú lọ pe Ọ̀gá Ẹ́ńjìnì wá. Ọkùnrin náà wá lóòótọ́, àmọ́ ó dúró lókèèrè, kò mú irinṣẹ́ kankan dání.

"Táńkì ẹ̀rọ mi ò lè mí," Bàbá sọ fún un.

"Mo mọ̀. Ṣebí mo ránṣẹ́ sí ẹ."

"Iṣẹ́ wo?"

"Mo rán ọkọ ọmọ ẹ. Nílé búrẹ́dì."

Onímú yíjú sí àbúrò mi díẹ̀díẹ̀. "Ọjọ́ tó o gbàgbé búrẹ́dì sórí káńtà," ó sọ.

Ọ̀gá Ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ tọ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ náà lọ títí dé ẹnu rẹ̀. Ó gé e, ó fi ọ̀bẹ là á, èdídí náà sì bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó gbé e fún Bàbá. Bàbá wá awò rẹ̀ jáde.

"Wọ́n fá etí ẹ̀ yí po," Bàbá sọ.

"Wọ́n kùn ún ní fáníìṣì," Ọ̀gá Ẹ́ńjìnì sọ.

Onímú gbà á, ó wò ó. "Fáníìṣì tábìlì ilé ìdáná wa nìyí."

"Iṣẹ́ ọwọ́ yìí dára," ni Bàbá wí, kò sì rẹ́rìn-ín rárá. "Èèyàn kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó lè ṣe irú ẹ̀."

"Èmi ni, sà," àbúrò mi sọ.

"Kí ló dé?"

"Òórùn ni, sà. Ó ń wọ ilé ìdáná."

Ọ̀gá Ẹ́ńjìnì wo Arúgbó. Ó wo fèrèsé. Ó wá di kẹ̀kẹ́ onítáyà méjì náà mú, ó ti Arúgbó yí igun ilé, ó gbé e sẹ́yìn ilé níbi tí kò sí fèrèsé kankan. Ó padà wá, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀.

"Ó tán," ó ní.

Onímú fa imú. "Ó tán lóòótọ́."

Mo bi àbúrò mi pé ṣé nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó ronú kan ìyẹn. Ó ní kò sí. Bàbá tó pín lẹ́tà dé gbogbo ilé tó wà nílùú, kò ronú kàn án.

Àmọ́ Bàbá ò tíì parí. "Ihò tó o dí, àìmọ̀ ni, mo ti gbàgbé ẹ̀," ó sọ fún àbúrò mi. "Àmọ́ o jẹ́ kí n dójú ti ọ̀rẹ́ mi, o wá mọ òótọ́ tán, o sì gbé e mì. Ìyẹn kì í ṣe àìmọ̀." Ó kọjú sí Ọ̀gá Ẹ́ńjìnì. "Èmi náà ni mo sọ pé ojú ẹ ti ń ṣe bàìbàì."

"O sọ ọ́."

"Níṣojú àwọn apẹja."

"Níṣojú wọn ni."

"Níṣojú wọn náà la ti máa tún un sọ."

Onímú ò tẹ̀ lé wọn. Ó gbé táwẹ̀lì rẹ̀ wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Bàbá ló kọ́kọ́ bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí afárá pákó yẹn. Lẹ́yìn náà, àbúrò mi gun orí ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀: ihò, èdídí, fáníìṣì, "a kàn ń gbìyànjú ni," ọ̀rọ̀ ojú, iṣẹ́ tí kò jẹ́. Àwọn apẹja gba èdídí náà, wọ́n ń fà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní kó bá òun gbẹ́ irú ẹ̀ síhò ọkọ̀ òun.

"Ojú mi ńkọ́?" Ọ̀gá Ẹ́ńjìnì bi í.

"Ó ríran dáadáa, sà."

"Sọ ọ́ sókè. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

Ó sọ ọ́ títí wọ́n fi gbọ́ ọ lódìkejì adágún. Kí ọjọ́ tó lọ, ẹ́ńjìnì ọkọ̀ méjì ti padà sọ́dọ̀ Ọ̀gá Ẹ́ńjìnì.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ohun tí mo ní kí n fi kún un ò pọ̀. Bí wọ́n bá yìn yín fún ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹ tètè sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì kúrú. Bí ẹ bá jẹ́ kó gùn, orí ẹlòmíràn ló máa já lé.

Nígbà tí àbúrò mi padà dé ilé Onímú, ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Ó kan ilẹ̀kùn. Ó ní bí Onímú ò bá ṣí i, òun mọ̀ pé òun lòun jẹ̀bi.

"Ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín?" Onímú bi í látinú ilé.

"Wọ́n rẹ́rìn-ín."

"Gbogbo wọn?"

"Bàbá náà rẹ́rìn-ín nígbẹ̀yìn."

Àbúrò mi gbọ́ tó yí kọ́kọ́rọ́.

"Bọ́ ṣòkòtò yẹn síta kó o tó wọlé," ó sọ. "Ìwọ lò ń rùn bẹntiróòlù báyìí."